Ẹ bá wa dá sí i: báwo la ṣe lè fi ẹ̀rín dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ wa?

Akọ̀wé Yúùtù, Ẹ̀gbẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iyán tuntun, ẹ sì kú ojú ọ̀nà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Kàbà àti Ìlọrin.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ ECWA kan níhìn-ín. Mi ò ní sọ èwo, torí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí náà máa ń yọjú síbí, mi ò sì fẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ ta sí wọn nímú kó tó jinná.

Àwọn kan wà tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ ọ̀dọ́ tí wọn kì í gba kọ́bọ̀. Télọ̀ kan ló ń kọ́ wa ní eré orí ìtàgé. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, oníbàárà tó bá fẹ́ kó máa bínú. Ọlọ́kadà kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ Boys' Brigade ní ìlù àti máàṣì. Nọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ òru ló ti ń gba ṣọ́ọ̀ṣì wá kọ́ àwọn tíńéjà ní Sọ́ńdè Sùkúù. Ó ti sùn lọ rí níbi àdúrà ìparí, àwa náà sì fi í sílẹ̀ kó sùn. Màmá kan ló ń se oúnjẹ nígbà ìpàgọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń sọ níwájú gbogbo wa pé, "Mo ti ṣe é tán lónìí, ẹ má pè mí lọ́dún tó ń bọ̀." Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé, tàwọn tìkòkò. Bọ̀ọ̀dá kan sì tún wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Òun ló ń tan jẹnẹrétọ̀, òun ló ń to àga, òun náà ló ń kó o. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tó fẹ́ràn láti jẹ, mi ò lè sọ.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé pásítọ̀ á ní kí wọ́n dìde, ìjọ á pàtẹ́wọ́, a ó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí tàbí kọ́ọ̀bù. Wọ́n á ní "Olúwa ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀", wọ́n á padà jókòó. Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ ṣe nǹkan tí yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Owó tí a dá jọ jẹ́ ₦40,000, kò sì jọ pé yóò lé sí i.

Nǹkan méjì ló ń kọ mí lóminú. Ẹ mọ ilé wa: ọmọdé ò kàn lè dìde kó máa bá àgbà ṣàwàdà, kí wọ́n má lọ rò pé a ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìkejì ni pé ìgbìmọ̀ ìkórè ti gbọ́, wọ́n sì ní ká kúkú so ó mọ́ ọjọ́ ìkórè, "kí èrò lè pọ̀". Ara mi ò gba ìyẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.


Ọmọ Ìyàrà

Akọ̀wé, èyí ò le. Ẹ ra nǹkan kéékèèké, ẹ dì í dáadáa, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sára rẹ̀. Télọ̀ tó ń kọ́ yín ní eré: odindi ọ̀rá Tom Tom, "Fún ohùn tí àwa bà jẹ́." Nọ́ọ̀sì: ìrọ̀rí kékeré, "Fún àdúrà ìparí." Ọlọ́kadà: áńkáṣíìfù, torí eruku. Màmá olóúnjẹ: ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ẹ ti bá wọn kọ tán, tí ẹ ti fi báírò pupa kọ "A KÒ GBÀ" gàdàgbà lé lórí. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀: tọ́ọ̀ṣì, "Fún ọjọ́ tí NEPA àti jẹnẹrétọ̀ bá jọ dìtẹ̀."

Iyọ̀ náà wà. Mátíù 5:13, "Ẹ̀yin ni iyọ̀ ayé." Ọ̀rá iyọ̀ kan ò wọ́n, kò sì sí ilé tí wọn kì í lò ó. Ẹ ó ṣì rí ṣéńjì nínú ₦40,000 yẹn.


Bàbá Tíṣà, Ìsánlú

Akọ̀wé, ọmọ mi, Òkun o. Mo gbọ́ tẹnu rẹ, mo sì gbọ́ ti Ọmọ Ìyàrà. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí a kọ "A kò gbà" lé yẹn, èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń rẹ́rìn-ín sí i, ìyá ilé wa wá yọjú láti wo ohun tó ń ṣe mí. Ẹ má yọ ìyẹn kúrò. Àwọn yòókù, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ni. Ẹ lè fún ẹnikẹ́ni tó bá ń pariwo ní Tom Tom. Kò fi hàn pé ẹ mọ ẹni náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ pè wọ́n lẹ́jọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, kóòtù. A ṣe é rí ní ilé ìwé tí mo ti kọ́ni, fún àwọn tó ń bá wa mójú tó FCS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ bí a bá pàdé.

Kí ọmọ tó kéré jù nínú yín gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ sílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kó ní, "Ẹ káalẹ́ sà, kóòtù ló rán mi." Ibẹ̀ yẹn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjọ́ náà, ẹ to àga bíi ti kóòtù: adájọ́, akọ̀wé kóòtù, lọ́yà ìjọba, lọ́yà tó ń gbèjà, ọlọ́pàá kan tí fìlà rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ wá máa ka ẹ̀sùn. Ti télọ̀ lè lọ báyìí:

"Pé ẹ̀yin, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé tí kóòtù yìí ò lè kà tán, mọ̀ọ́mọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, tí aṣọ ìyàwó wà lórí máṣíìnì láìní apá, nítorí pé Fáráò kò tíì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí."

Kí lọ́yà ìjọba pe Fáráò gan-an jáde láti wá jẹ́rìí pé òótọ́ ni, òun kò mọ̀ ọ́n sórí.

Ti màmá olóúnjẹ, irọ́ pípa ni ẹ̀sùn wọn. Ẹ ka ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti ní àwọn ò wá mọ́, kí ẹlẹ́rìí máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọkùnrin méjì wá gbé ìkòkò ìpàgọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tó dú kirikiri, kí adájọ́ bi ìkòkò léèrè bóyá ó mọ obìnrin yìí rí. Ti nọ́ọ̀sì, sísùn lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́yà tó ń gbèjà á wá fò dìde: "Olúwa mi, Èlíjà sùn lábẹ́ igi, áńgẹ́lì ò bá a wí, oúnjẹ ló gbé wá fún un. Yútíkù náà sùn, ó tiẹ̀ ti ojú fèrèsé jábọ́, ó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20. Pọ́ọ̀lù tó ń sọ̀rọ̀ títí dòru ni kí ọlọ́pàá mú!" Gbogbo ojú á wá yí sí ẹni tó gba àdúrà gígùn lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pásítọ̀ ni, ẹ tètè sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n lè múra bí wọ́n ṣe máa tijú.

Gbogbo wọn ló máa jẹ̀bi. Ìdájọ́: ẹ̀wọ̀n ìjókòó. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò, kí ẹ gbé iyán síwájú wọn, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ tàbí àga, ó ti sá lẹ́wọ̀n, kí ọlọ́pàá yẹn lọ mú un padà wá. Kí àwọn ọmọkùnrin gún iyán náà o. Kí ìdílé ọmọ kọ̀ọ̀kan mú iṣu kan wá. Iṣu tuntun ló wà nílẹ̀ báyìí, ta ló máa ní òun ò ní? ₦40,000 yín á wá kojú ẹran àti ẹ̀gúsí.

Mo ń bọ̀ níbi tó ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó kọ ẹ̀sùn, kí olúkúlùkù mú ohun kan tó fojú ara rẹ̀ rí wá. Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ: "Wọ́n ń ṣiṣẹ́ takuntakun fún Olúwa." Ẹ dá a padà fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí a lè kọ sí ara kọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹ ka Róòmù orí 16 kí ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń dúpẹ́. Kò ní "mo kí gbogbo òṣìṣẹ́". Ó dárúkọ Fébè ará Kẹnkíríà, ó ní ó ti ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́, òun náà sì wà lára wọn. Ó ní Pírísíkà àti Ákúílà fi ọrùn wọn wewu nítorí òun. Ó kí ìyá Rúfù, ó ní ìyá tòun náà ni. Ẹ ò rí i pé obìnrin yẹn á ti fún un lóúnjẹ rí. Kódà Tátíù tó ń bá a kọ lẹ́tà rí àyè fi ìkíni tirẹ̀ há a láàárín, ní ẹsẹ 22. Ìwọ akọ̀wé, ìyẹn yẹ kó dùn mọ́ ẹ.

Lórí ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ẹ́: ẹ̀rù yẹn dára, má lé e lọ. Kí adájọ́ yín, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wọ gáùn, má ṣe bá àgbà kankan sọ "ìwọ" tàbí "o". "Ẹ" ni títí kóòtù á fi tú. Kó pàṣẹ tán, kó kúnlẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó, adájọ́ tó dájọ́ ẹ̀wọ̀n tán tó wá ń ní "ẹ jọ̀ọ́ mà". Kí ẹ̀fẹ̀ dá lórí iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe pẹ̀lú yín, kó má kan ara rẹ̀, àpò rẹ̀, ìlú rẹ̀, tàbí bó ṣe ń sọ èdè. Kó má sì kan ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ láé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á rí àyè gba máíkì, á ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì yín?" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, kò sì ní wá mọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó wá máa bi ara yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀sùn sílẹ̀, kí àgbà kan tó mọ̀wàhù kà á ṣáájú. Lọ bá ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn náà, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbà, kò sí ẹlòmíì tó máa ní wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti ìkórè, ẹ má gbà. Ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ọjọ́ ìkórè ti ìkórè ni. Ẹni tí a ní kó wá gba ọpẹ́, tí a tún wá na ẹ́ńfílóòpù sí, a ti sọ ọ́ di oníbàárà. Látìgbà tí Titcombe, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti dé ilẹ̀ Yàgbà yìí ní 1908, títí ìjọ fi gba orúkọ ECWA ní 1954, títí di òní, àwọn tí kò gba owó oṣù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ ọmọdé wa ní Bíbélì. Sátidé kan ṣoṣo tí kò sí ẹ́ńfílóòpù níbẹ̀ ò pọ̀ jù.


Ìyá Ìbejì, Kàbà

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi wà lára àwọn tí wọ́n ń ní kó dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Girls' Brigade ni mò ń bójú tó. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fún mi ti kún inú kọ́bọ́ọ̀dù; wọ́n kọ orúkọ mi sódì sára ọ̀kan, òun náà ni mo sì fi ń mu kókó jù.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù láyé mi nínú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó náwó sí i. Àwọn ọmọbìnrin mi ló sín mi jẹ. Ọ̀kan so gèlè bí mo ṣe ń so ó, ó fi fèrè kọ́rùn, ó ń rìn bọ̀ bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀, ó wá ń pariwo, "Ẹ gbọ́ mi yé! Ṣé ẹ gbọ́ mi yé?" Mi ò mọ̀ pé mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbejì mi ní ilé pàápàá wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wá ronú pé, àṣé àwọn ọmọ yìí ń wò mí tó báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ lẹ́tà sí ọkọ mi. Mo ní kí n kọ ọ́ síbí kí Akọ̀wé lè rí i lò: "Sà, a dá ìyàwó yín padà pẹ̀lú ọpẹ́. A yá wọn ní àárọ̀, a sì lò wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn wọn ti há díẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ara wọn pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rán wọn níṣẹ́ kankan lálẹ́ yìí. A ó tún wá yá wọn ní Sátidé." Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Lẹ́tà yẹn ṣì wà lára fíríìjì wa. Ọkọ mi tó máa ń kùn pé ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyàwó òun, òun náà ló wá ń fi han àlejò. Torí náà, ẹ má gbàgbé àwọn tó wà nílé. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nígbà tí nọ́ọ̀sì yín ń kọ́ yín ní Bíbélì, òun náà ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Tíṣà, mo kúnlẹ̀. Kóòtù yín dùn, ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá jẹnẹrétọ̀ yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí ẹ wá pè jáde síwájú gbogbo èèyàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìyà ni ìyẹn fún un. Irú wọn máa ń sá lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n á ní àwọn ń wo epo. Tirẹ̀, ẹ ṣe é ní jẹ́jẹ́. Kí àwọn ọmọkùnrin mélòó kan dé ṣáájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, kí wọ́n ti to gbogbo àga, kí wọ́n ti rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ jókòó. Ọ̀gá tuntun ti dé." Kó kà á, kó rẹ́rìn-ín láàyè ara rẹ̀, kó lọ jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan kù, kì í ṣe àwàdà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ẹ mọ ohun tí owó ọ̀kadà dà. Àwa kan ń wọ ọ̀kadà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti àpò ara wa, ojú sì ń tì wá láti sọ ọ́. Kí ẹ̀rín má bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá lè bẹ ìjọ pé kí wọ́n máa fi owó ọkọ̀ lọ àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ẹran kóòtù.


Kọ́pà Tẹ́lẹ̀, Ìkìrun

Ẹ kú ìjíròrò. Kàbà ni mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi, láti àgọ́ NYSC ní Asaya ni mo ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù kan tí wọn ò jẹ́ kí n sinmi títí mo fi lọ. Ẹ máa rántí àwọn kọ́pà náà o, torí ọdún kan péré la ń lò, a sì sábà máa ń lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dágbére, wọ́n ní kí n jó. Mo ń jó lọ, ni àwọn ọmọ bá yọ owó sí mi, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. Ìwé ni, wọ́n gé e ní ìwọ̀n náírà, wọ́n fi kíréyọ́ọ̀nù kùn ún. Mo rò pé eré lásán ni. Ìgbà tí mo kó o délé ni mo rí i pé wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ kọ́ mi ní Sáàmù 23 láìnà mí." "Ẹ fún mi ní bisikí." "Ẹ ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n ẹ ń gbá a." Ti ìkẹyìn yẹn mú mi bínú díẹ̀. Àpò owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ má ya orí ẹnikẹ́ni sí i bíi náírà gidi o, orí àwọn tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ yà sí i. Ìwé yìí sì sàn ju náírà lọ lójú òfin pàápàá: òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá fọ́n náírà tàbí tó jó lé e lórí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. ₦50,000 ju gbogbo owó tí ẹ dá jọ lọ.


Akọ̀wé Yúùtù, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wa. Kóòtù ni gbogbo wọn mú. Owó ìwé la máa fọ́n lẹ́yìn ìdájọ́, nígbà ijó. Mo ti fi lẹ́tà Ìyá Ìbejì pa mọ́, ẹ̀dà mélòó kan ni mo máa nílò rẹ̀, torí ọkọ àti ìyàwó tí a jẹ lẹ́tà pọ̀. Ti bọ̀ọ̀dá jẹnẹrétọ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ti ní àwọn máa ṣe é. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan án báyìí, okùn rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ owó ọ̀kadà, alàgbà kan tí a fi lọ̀ ní òun máa gbé e dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ.

Ìgbìmọ̀ ìkórè gbà pẹ̀lú wa lẹ́yìn tí mo ti ka ọ̀rọ̀ "oníbàárà" yẹn fún wọn. Ẹnìkan ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n á padà.

Ìṣòro kan ló kù. Ọlọ́kadà wa, ọ̀gá ìlù, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ kóòtù. Wọ́n ti gba máṣíìnì rẹ̀ lójú ọ̀nà rí, ó lọ ó bọ̀ títí kó tó rí i gbà. Mo bẹ̀rù pé bí ọmọ bá gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á kọ́kọ́ ké.


Bàbá Tíṣà, Ìsánlú

Fi òun ṣe adájọ́. Má mú un lẹ́jọ́ rárá. Òun tó ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣeré, jẹ́ kó jókòó lókè lónìí kó máa na òòlù mọ́ tábìlì. Ọ̀pá ìlù rẹ̀ ni kó fi ṣe òòlù náà. Bó bá ti dájọ́ gbogbo àwọn yòókù tán, kí ọlọ́pàá onífìlà ńlá yẹn wá lọ bá a lókè, kó ní, "Olúwa mi, wọ́n ní ẹ̀yin náà wà nínú ìwé." Kí ẹ ka ẹ̀sùn tirẹ̀ nígbà yẹn: pé ó kọ́ ogójì ọmọ ní ìlù, gbogbo àdúgbò ò sì sùn mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn, ẹ fi ṣe lọ́yà. Á fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.


Ìyá Ìbejì, Kàbà

Bàbá, ẹ̀yin náà yẹ kí ẹ fara hàn níwájú kóòtù yìí.


Akọ̀wé Yúùtù, Ẹ̀gbẹ̀

Ó parí. Àǹtí nọ́ọ̀sì ti fún wa ní òwú tí a máa fi ṣe irun funfun orí adájọ́, wọn ò mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Gáùn ló kù. Bàbá Tíṣà, mo gbọ́ pé gáùn ìgboyè yín ṣì wà nílé?


Bàbá Tíṣà, Ìsánlú

Ó wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Rán ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀ í fọ̀ wá gbé e. Bí ọbẹ̀ bá ta sí i, èmi gan-an ni màá pè yín lẹ́jọ́.